Ọmọ mi pé oṣù 7, kórópọ̀n rẹ̀ kan kò sí nínú àpò: ṣé kí a máa dúró ni?

Ìyá ọmọ kan ló kọ̀wé sí wa láti Kubwa. Ó ní: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi pé oṣù 7 báyìí, ẹyọ kórópọ̀n kan ṣoṣo ni mo ń bá nínú àpò rẹ̀, ti òsì. Apá ọ̀tún pẹlẹbẹ. Nígbà tí mo bí i, nọ́ọ̀sì ní yóò sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa wẹ ọmọ láti Ọ̀fà ní kí n máa fi omi gbígbóná tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń fà á wálẹ̀. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ní kí a fi í sílẹ̀ di ọdún 5, pé ọmọ yìí kéré fún iṣẹ́ abẹ, pé oògùn oorun lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí ọmọ mi má lọ di akúra. Wọ́n tún ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà ní Lọ́kọ́ja, ọmọ ọdún 9, tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?”

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo rí tó so kọ́ra nínú ìwé yín: ṣé ó ṣì lè dá sọ̀, ṣé iṣẹ́ abẹ kò ní pa ọmọ lára ju ohun tí à ń sá fún lọ, àti irú ọkùnrin tí ọmọ yìí yóò dà lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìdáhùn kúkúrú, kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka èyí tó gùn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé láàárín oṣù tí a wà yìí. Ẹ má dúró de ọdún 5. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ oníkẹ́míìsì. Ẹ bá mi bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n dáwọ́ omi gbígbóná dúró. Ní ti akúra, ẹ fi ọkàn balẹ̀, n ó sọ ìdí rẹ̀ tí a bá débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé inú àpò ni kórópọ̀n ti ń hù. Inú ikùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lókè lẹ́bàá kíndìnrín, nígbà tí oyún ṣì kéré gan-an. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rìn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, họ́mónù tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń pèsè ló ń darí wọn. Tí oyún bá wọ nǹkan bí oṣù 7, wọn yóò gba ọ̀nà tóóró kan kọjá níbi tí itan ti pàdé ikùn, bí okùn ṣe ń gba inú ìṣẹ́po ìbàdí ṣòkòtò, wọn yóò sì yọ sínú àpò kí wọ́n tó bí ọmọ. Tí wọ́n bá ti kọjá tán, ọ̀nà náà yẹ kó pa dé. Ti ọ̀tún ọmọ yín dúró níbì kan. Ó lè jẹ́ inú ikùn, ó lè há sínú ọ̀nà tóóró yẹn, ó sì lè ti yọ tán kó tó yà bàrá sábẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ itan. Nínú ọmọ 10 tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, nǹkan bí 8 ni dókítà máa ń fọwọ́ kan tiwọn níbi tó wà. Ti àwọn yòókù kì í ṣeé fọwọ́ kàn. Apá ọ̀tún ló sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ju òsì lọ.

Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí yín kò purọ́. Nínú 100 ọmọkùnrin tí oṣù wọn pé kí wọ́n tó bí wọn, nǹkan bí 3 ló máa ń wá sáyé pẹ̀lú ọ̀kan tàbí méjèèjì tí kò tíì sọ̀. Tí oṣù ọmọ kò bá pé, ó lè tó 30 nínú 100, nítorí wọ́n bí wọn nígbà tí ìrìn náà kò tíì parí. Tí gbogbo wọn bá fi máa pé ọdún kan, ó kù nǹkan bí ẹyọ 1 nínú 100. Nítorí náà, lóòótọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń dá sọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ jù, nígbà tí họ́mónù ọkùnrin máa ń ru sókè fúngbà díẹ̀ lára ọmọ jòjòló. Tó bá ti kọjá oṣù 6, kò tún wọ́pọ̀ mọ́ kó sọ̀. (Ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú àkókò, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù náà.) Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì bá ọmọ ọjọ́ kan mu, ọmọ oṣù 7 ti kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó dá oṣù fún yín pé kí ẹ padà wá. A gbé ọmọ lọ gba àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, ní ọ̀sẹ̀ 10, ní ọ̀sẹ̀ 14, wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀, wọ́n gún itan rẹ̀, wọ́n kọ káàdì, ó sì ṣeé ṣe kó má sí ẹnì kan tó tú pampasi rẹ̀ wò. Gbogbo ìgbà ni èyí ń bí mi nínú.

Kí a tó máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá kórópọ̀n yìí kò sọ̀ ni, àbí ṣe ló ń sá sókè. Iṣan kan wà tó di kórópọ̀n mú, tó máa ń fà á sókè tí òtútù bá mú ọmọ, tí ẹ̀rù bá bà á, tàbí tí ẹnì kan bá fi ọwọ́ tútù kan itan rẹ̀. Lára àwọn ọmọ mìíràn, pàápàá tí wọ́n bá ti kọjá ọdún kan tàbí méjì, iṣan yìí le débi pé àpò yóò ṣófo fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìyá tó bá bọ́ṣọ lára ọmọ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Jos lè figbe ta lórí ohun tí kò tó nǹkan. Èyí tó ń sá yìí kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ẹ lè wò ó nílé: lẹ́yìn tí ẹ bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ tán, tàbí nígbà tó bá sùn fọnfọn, ẹ fi ojú wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Tí ẹ bá rí méjèèjì nínú àpò, kódà lẹ́ẹ̀kan, ẹ rántí sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ wo àpò náà pẹ̀lú. Àpò tí kórópọ̀n ti gbé inú rẹ̀ rí máa ń ní ààyè, ó máa ń hunjọ. Èyí tí nǹkan kan kò dé inú rẹ̀ rí máa ń fún mọ́ ara, á sì pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ ni ẹ̀yin náà kọ sínú ìwé yín. Òun ló mú mi fura pé ti ọmọ yín kì í ṣe èyí tó ń sá, ṣùgbọ́n ìfura lásán ni, torí n kò fojú rí ọmọ náà.

Ọwọ́ dókítà ló máa yanjú rẹ̀. Ẹ wò ó bí yóò bá kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ amúlétutù, tí yóò fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́, tí yóò jẹ́ kí ọmọ jókòó lórí ẹsẹ̀ yín kó máa ṣeré. Yóò fi ọṣẹ pa ìka, yóò bẹ̀rẹ̀ láti egungun ìbàdí, yóò máa rọra ti ọwọ́ bọ̀ wálẹ̀ sí àpò. Tó bá rí kórópọ̀n náà tó sì ṣeé mú wá sínú àpò, tó sì dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó fi í sílẹ̀, ó ń sá ni. Yóò ní kí ẹ máa gbé e wá lọ́dọọdún títí yóò fi bàlágà, nítorí díẹ̀ nínú irú wọn máa ń gòkè lọ pátápátá bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe fi í sílẹ̀ ló fò padà sókè, tàbí tí kò tilẹ̀ dé àpò, kò sọ̀ nìyẹn. Dókítà tó bá dúró lẹ́yìn tábìlì tó ní òun ti mọ̀ ọ́n láìfọwọ́ kan ọmọ, ẹ wá ẹlòmíràn.

Wọ́n lè ní kí ẹ lọ ya síkáànì kí ẹ tó wá. N kò ní ẹ̀bi kankan láti kà sí wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ fi owó yín pamọ́. Síkáànì kì í rí kórópọ̀n tó wà nínú ikùn ọmọdé dáadáa, ìgbà mìíràn yóò sì pe kókó lásán ní kórópọ̀n. Tó bá ní òun rí i, iṣẹ́ abẹ náà ni. Tó bá ní òun kò rí i, a kò lè gbà á gbọ́, a ṣì ní láti wá a. Àwọn onímọ̀ nípa ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2014 pé kí wọ́n má ṣe máa ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ya síkáànì kí wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ. Mo ti rí ìdílé tó kó ìwé síkáànì mẹ́ta wá láti ibi mẹ́ta, kò sí èyí tó bá ìkejì mu, owó iṣẹ́ abẹ ti lọ tán sórí ìwé.

Ẹ kò bèèrè ohun tó fà á, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa sọ ọ́ nínú ilé. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, a kì í rí ìdí kan pàtó. Bíbí ọmọ ṣáájú àkókò, bíbí ọmọ tí kò tó kílò 2.5, sìgá mímu ìyá, àti kí irú rẹ̀ ti wà nínú ẹbí, àwọn wọ̀nyí máa ń mú kó wọ́pọ̀ sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín tó wà ní Lọ́kọ́ja fi hàn pé ó lè wà nínú ẹbí wọn, bí a bá rí i pé tirẹ̀ kò sọ̀ lóòótọ́. Bí ẹ ṣe sùn nígbà tí ẹ lóyún kọ́ ló fà á. Ata kọ́, ọ̀nà Gwagwalada tó kún fún kòtò kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fi ṣe yín.

Mo fẹ́ràn ìwẹ̀ ọmọ tí àwọn ìyá wa ń wẹ̀, òrí tí wọ́n ń fi pa ọmọ lára, bí wọ́n ṣe ń nà án tí wọ́n ń jù ú sókè tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ yín fìfẹ́ wá láti Ọ̀fà ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ohun tó dá kórópọ̀n náà dúró kì í ṣe líle ara tí omi gbígbóná lè dẹ̀. Okùn ẹ̀jẹ̀ tó so mọ́ ọn lókè kò gùn tó, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè tú u. Omi gbígbóná náà lè bó ọmọ lára, títẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú léwu: ó lè tẹ kórópọ̀n tó há sábẹ́ awọ mọ́ egungun, ó sì lè ṣe ìfun níjàǹbá, nítorí pé lára ọmọ tí kórópọ̀n rẹ̀ kò bá sọ̀, ọ̀nà tóóró yẹn kì í sábà pa dé, ìfun lè yọ wá síbẹ̀. Òun ni à ń pè ní ìpá, tí ẹlòmíràn ń pè ní hẹ́níà. Tí ẹ bá rí ibi tó wú níbi tí itan ti pàdé ikùn, tó le, tí ọmọ ń sunkún láìdákẹ́, tó ń bì, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ sáré lọ lóru yẹn. Ìfun tó bá há lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Bákan náà ni tí kórópọ̀n tó wà lókè bá yí po: ibi tí itan ti pàdé ikùn yóò wú, yóò máa dùn ún.

Abẹ́rẹ́ tí oníkẹ́míìsì ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Họ́mónù ni, wọ́n sì lò ó ní ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n wá rí ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ fún, pé àwọn tó wà nítòsí àpò ló sábà ń dá lóhùn, pé díẹ̀ nínú wọn ń padà sókè, àti pé ó lè ba àwọn èròjà tí yóò di àtọ̀ jẹ́ nínú kórópọ̀n. Ìdí nìyí tí àwọn ìlànà òde òní fi ní kí wọ́n má fi í ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń ta á lórí káúńtà kò mọ ibi tí kórópọ̀n ọmọ yín wà, kò sì ní wà níbẹ̀ nígbà tí ìdí okó ọmọ oṣù 7 bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé ibi tó ká yín lára jù. Akúra ni ẹni tí okó rẹ̀ kò le. Họ́mónù tó ń mú ohùn wúwo, tó ń hu irùngbọ̀n, tó ń jẹ́ kí ọkùnrin lè ṣe bí ọkùnrin, kórópọ̀n kan tó dára ń pèsè rẹ̀ tó, èyí tó wà lókè pàápàá sì máa ń pèsè nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ yín kò ní di akúra nítorí èyí. Ìbéèrè ti ọmọ bíbí yàtọ̀, òun ni ọjọ́ orí ṣe kàn. Àpò tutù ju inú ara lọ ní ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 2 sí 4, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi wà níta, tó sì ń gùn wálẹ̀ nígbà ooru Abuja oṣù Kẹta. Àwọn èròjà tí yóò di àtọ̀ lọ́jọ́ iwájú máa ń pa ara dà láàárín ọdún àkọ́kọ́, ibi tútù yẹn ni wọ́n sì nílò láti ṣe é. Kórópọ̀n tó bá ń gbóná nínú ara máa ń pàdánù wọn. Tó bá fi máa di ọdún kan àti ààbọ̀, àdánù náà á ti hàn tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wò ó. Ohun tí wọ́n bá pàdánù yìí, iṣẹ́ abẹ kò lè dá a padà. Síbẹ̀, ẹni tó jẹ́ ẹyọ kan ni kò sọ̀, tí wọ́n sì mú un wálẹ̀, ó ń bímọ bí àwọn yòókù: nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tó gbìyànjú láti bímọ ló rí ọmọ bí, èyí kò jìnnà sí ti ẹni tí ohunkóhun kò ṣe. Àwọn tí méjèèjì kò sọ̀ ló ní ìṣòro. Nǹkan bí 65 nínú 100 ló ń bímọ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, n kò ní fi pamọ́ fún yín, n kò sì ní fi dẹ́rù bà yín. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Sweden, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, tẹ̀lé ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17,000 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún kí wọ́n tó pé ọdún 13, ewu jẹjẹrẹ kórópọ̀n wọn jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 2 ti àwọn ọkùnrin yòókù. Àwọn tó ti kọjá ọdún 13 kí wọ́n tó ṣe é, ó ju ìlọ́po 5 lọ. Jẹjẹrẹ yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, ìlọ́po 2 ohun tí kò wọ́pọ̀ kò sì sọ ọ́ di ohun tó wọ́pọ̀. Àǹfààní mìíràn tó wà nínú mímú un wálẹ̀ ni pé nígbà tí ọmọ bá di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ẹ́ wò. Èyí tó wà nínú ikùn, kókó lè hù sí i lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ nítorí àwọn òbí mìíràn tí yóò ka èyí. Tí ẹ bí ọmọ tí méjèèjì kò sí nínú àpò, ti yín kò lè dúró di oṣù 6. Kí dókítà wò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí ojú ìtọ̀ kò bá sí ní góńgó okó, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló wà, ẹ sọ fún oníkọlà kó má fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ kẹjọ, bí ẹbí tilẹ̀ ti péjọ. Awọ tó fẹ́ gé yẹn ni oníṣẹ́ abẹ máa fi tún ojú ìtọ̀ ṣe. Tí ìṣòro méjèèjì yìí bá wá pàdé lára ọmọ kan, ó lè jẹ́ pé obìnrin ni ọmọ náà nínú ara rẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn kókó tó wà lórí kíndìnrín ló ń pèsè họ́mónù ọkùnrin lápọ̀jù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí omi àti iyọ̀ tán lára rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bí i, ó sì lè kú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn. Ti ọmọ yín, màmá, tí ti òsì wà níbi tó yẹ, kò jọ èyí, àyàfi tí ojú ìtọ̀ rẹ̀ bá tún yàtọ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kò tóbi tó bí ọkọ yín ṣe rò. Àwọn ìlànà òyìnbó ní kí wọ́n ṣe é láàárín oṣù 6 sí ọdún kan, kó má sì kọjá ọdún kan àti ààbọ̀. Wọ́n á kun ọmọ lóorun, wọ́n á gé ibi kékeré kan níbi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n á wá kórópọ̀n rí, wọ́n á tú u kúrò lára ohun tó dè é, wọ́n á pa ọ̀nà ìpá dé, wọ́n á sì gé ibi kékeré kejì lára àpò kí wọ́n lè fi í sí àyè rẹ̀ lábẹ́ awọ. Ó sábà máa ń gba nǹkan bí wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Tó bá jẹ́ pé dókítà kò rí i fọwọ́ kàn, ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wo inú ikùn. Níbẹ̀ ni wọ́n lè ti rí i pé ó wà lókè jìnnà, kí iṣẹ́ náà wá pín sí méjì, pẹ̀lú nǹkan bí oṣù 6 láàárín. Wọ́n sì lè rí i pé kò sí rárá, pé ó ti kú nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, kí ó ku okùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè ohun tí wọn yóò ṣe tó bá rí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kí ọkọ yín wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn.

Ìbẹ̀rù oògùn oorun ní ìdí. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa kíkun ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lóorun ju wákàtí 3 lọ tàbí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 7, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, wo àwọn ọmọ jòjòló tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìpá fún, ìdajì wọn ni wọ́n kùn lóorun fún àkókò tí kò tó wákàtí kan, ìdajì yòókù ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn tí wọn kò kùn lóorun. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, òye wọn kò yàtọ̀ síra. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn bàbá ni pé kí wọ́n bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò kun ọmọ lóorun: ṣé dókítà tó kọ́ iṣẹ́ náà ni, ṣé ó ń ṣe é fún ọmọ kékeré déédéé. Ibẹ̀ ni ewu gidi wà ní ilẹ̀ wa, ju ara oògùn lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọ oṣù 7 ní ilé ìwòsàn àdúgbò tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó.

Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bó bá pọ̀ tó. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ fún wọn tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, nítorí ọmọ tó jẹ́ SS nílò ìmúrasílẹ̀ ọ̀tọ̀. Tí ọyẹ́ bá mú kó máa wúkọ́, tí ara rẹ̀ ń gbóná, ẹ pè wọ́n. Sísún ọjọ́ síwájú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ọmú yín yóò dúró ní wákàtí 4 ṣáájú, mílíìkì agolo tàbí ọ̀gì ní wákàtí 6. Ìyá àgbà tó bá yọ́ ọ̀gì sí i lẹ́nu lóru torí pé ebi ń pa á, kí wọ́n jẹ́wọ́ ní àárọ̀, kò sí ẹni tó máa bá wọn jà. Oúnjẹ tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun lè pa ọmọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àpò lè wú díẹ̀. Egbò lè kẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kórópọ̀n lè padà gòkè, kó di pé wọ́n tún un ṣe. Ó tún ṣẹlẹ̀ lára àwọn díẹ̀ pé ó rọ, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ tó. Èyí pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó wà lókè inú ikùn. Ẹ má pọ̀n ọ́n fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ba tẹ ojú ọgbẹ́.

Láti Kubwa, ẹ kọ́kọ́ lọ gba lẹ́tà ní General Hospital yín níbẹ̀, kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí National Hospital ní Abuja tàbí Teaching Hospital ní Gwagwalada. Àwọn méjèèjì ní oníṣẹ́ abẹ ọmọdé. Tí ọkọ yín bá ní ìwé ìlera ìjọba, ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí kọ lẹ́tà, kí wọ́n gba kóòdù kí ẹ tó lọ, ẹ sì bi wọ́n bí iṣẹ́ yìí bá wà nínú ohun tí wọ́n ń san. Ìlà lè gùn, ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì lè bá yín níbẹ̀. Tí wọ́n bá dá ọjọ́ tó jìnnà fún yín, ẹ rántí pé Teaching Hospital wà ní Ìlọrin, kò jìnnà sí Ọ̀fà, ìyá ọkọ yín á sì rí ọmọ tọ́jú níbẹ̀. Zaria, Jos àti Kano ní tiwọn pẹ̀lú fún àwọn tó sún mọ́ wọn.

Ọkọ yín tó ní ọdún 5, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó gbọ́ lẹ́nu àgbà kan ni, nítorí nígbà kan rí, ọjọ́ orí tí àwọn dókítà fúnra wọn ń ṣe é nìyẹn, kí wọ́n tó mọ ohun tí ooru ń ṣe. Ẹ fún un ní ìwé yìí kà. Ní ti ọmọ Lọ́kọ́ja, pé kò dùn ún kò fi hàn pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Kì í sábà dunni. Ó lè jẹ́ èyí tó ń sá, ó lè jẹ́ èyí tó ti sọ̀ rí tó tún gòkè, ó sì lè jẹ́ èyí tí kò sọ̀ láti ìgbà ìbí. Ọdún 9 kò tíì pẹ́ jù: ewu jẹjẹrẹ ṣì lè dínkù, wọ́n ṣì lè pa ọ̀nà ìpá dé, kódà bí èròjà tí yóò di àtọ̀ bá ti dínkù lápá yẹn. Kí bàbá rẹ̀ gbé e lọ kó tó bàlágà, kí wọ́n má sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ti mọ ìtìjú.